Bí Wọ́n Ṣe Ya Ìmísí Ní Ilẹ̀ Ukraine

A lè ya igi, a lè ya ẹṣin. Ìmísí ńkọ́? Ohun tí à ń pè ní ìmísí ni ohun tí ń ru ọkàn akéwì sókè tí ọ̀rọ̀ fi ń jáde. Kò ní ojú, kò ní ẹsẹ̀. Báwo ni ayàwòrán ṣe máa yà á?

Láyé àtijọ́, obìnrin arẹwà kan ni ọ̀pọ̀ ayàwòrán ilẹ̀ Yúróòpù máa ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ akéwì, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ sí i létí. Ṣùgbọ́n ní Ukraine, afọ́jú ni àwọn kan yà. Olórin ni afọ́jú yìí, kobzar ni wọ́n ń pè é. Ọmọdékùnrin kan a máa mú un lọ́wọ́ láti abúlé dé abúlé, òun a sì máa ta ohun èlò olókùn, a máa fi ìtàn àwọn baba wọn kọrin. Nígbà tí Taras Shevchenko tẹ ìwé ewì rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1840, Kobzar ni ó sọ ọ́. Vasyl Shternberg, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ni ó ya àwòrán iwájú ìwé náà: arúgbó olórin àti ọmọ tí ń mú un kiri. Lójú tiwa, ọgbọ́n ńlá ni. Ẹni tí kò fojú ríran ni wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ ẹni tí ń fi inú ríran.

Ṣé ẹ mọ Shevchenko? Inú oko ẹrú ni wọ́n bí i sí ní 1814. Olówó ilẹ̀ ni ó ni òun àti ìdílé rẹ̀. Àwòrán ni ó gbà á sílẹ̀. Olówó rẹ̀ béèrè 2,500 rúbù. Karl Bryullov, ayàwòrán olókìkí, ya àwòrán akéwì kan, wọ́n fi ta lọ́tìrì, owó sì pé. Ní 1838 ó di òmìnira.

Ní 1842, ó fi ọ̀dà ya Kateryna, ọmọbìnrin inú ewì ara rẹ̀. Ọmọ ogun Rọ́ṣíà kan ni ó fún un lóyún tí ó sì já a jù sílẹ̀. Kateryna ń bọ̀ láìwọ bàtà, ó ń wo ilẹ̀. Ọmọ ogun náà ń gẹṣin lọ lẹ́yìn, ajá kékeré kan ń gbó o. Bàbá kan tí ń gbẹ́ ṣíbí jókòó lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń wò. Kò sí obìnrin arẹwà tí ń sọ̀rọ̀ síni létí níbẹ̀ o! Àánú ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ ni ìmísí tí Shevchenko ní, òun náà ni ó sì yà.

Irú ìmísí báyìí dẹ́rù ba ọba Rọ́ṣíà. Ní 1847 wọ́n mú Shevchenko nítorí ewì rẹ̀, wọ́n fi ipá sọ ọ́ di ọmọ ogun ní ilẹ̀ jíjìn réré. Ọba Nicholas fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé kò gbọ́dọ̀ kọ̀wé, kò gbọ́dọ̀ yàwòrán. Ẹ rò ó wò ná, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ pẹ́ńsù mú! Ọdún mẹ́wàá ni. Kí ni ó ṣe? Ó rán ìwé pélébé, ó fi lẹ́tà wẹ́wẹ́ kọ ewì sínú rẹ̀, ó sì ń fi pamọ́ sínú bàtà rẹ̀. Ní 1857 wọ́n tú u sílẹ̀. Ó kú ní 1861. Ìwé pélébé náà kò sọnù.