Bí Ẹ̀rọ Kọ̀ǹpútà Ti Ń Ran Akẹ́kọ̀ọ́ Èdè Látìnì Lọ́wọ́

Bí a bá ń rìn ní àárọ̀ ọjọ́ ilé-ìwé ní agbègbè Alímòṣọ́ wa yìí, ìbáà ṣe ní Ìkòtún, ní Ẹgbẹ́dá tàbí ní Ìgándò, a lè rí ọmọ tí a kọ ọ̀rọ̀ Látìnì sí àyà ẹ̀wù rẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Bí ó bá bi olùkọ́ rẹ̀ léèrè, kí ni olùkọ́ náà yóò wí? Púpọ̀ nínú wa yóò yọ fóònù jáde. Nítorí náà ó yẹ kí a mọ irú ẹ̀rọ tí ó tọ́ láti bi, àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Ní èdè wa, ipò tí ọ̀rọ̀ wà ni ó ń sọ iṣẹ́ rẹ̀. “Ajá rí ọmọ” kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú “Ọmọ rí ajá.” Ní Látìnì, ìparí ọ̀rọ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. “Puella canem videt” ni pé ọmọbìnrin rí ajá. Bí a bá kọ ọ́ ní “Canem puella videt,” ọmọbìnrin náà ni ó rí ajá síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá di “Puellam canis videt,” ajá ni ó rí ọmọbìnrin. Ẹni tí kò mọ èyí lè wá “canem” títí nínú ìwé atúmọ̀-èdè, kí ó má rí i, nítorí “canis” ni a kọ síbẹ̀.

Irú ẹ̀rọ kìíní ni èyí tí ń tú ọ̀rọ̀ palẹ̀. Àlùfáà Roberto Busa ti ilẹ̀ Ítálì wà lára àwọn tí ó la ọ̀nà rẹ̀, nígbà tí ó tọ ilé-iṣẹ́ IBM lọ ní 1949, kí ẹ̀rọ lè bá a to gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé Thomas Aquinas lẹ́sẹẹsẹ. Iṣẹ́ náà gba nǹkan bí 30 ọdún, ìwé 56 ni a sì tẹ̀ jáde nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni William Whitaker, ọ̀gá kan nínú ẹgbẹ́ ọmọ-ogun òfúrufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí a ń pè ní Words. Bí a bá bi í ní “canis,” yóò gé ìparí rẹ̀ kúrò, yóò fi èyí tí ó kù wá inú àkójọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, yóò sì dáhùn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé ó lè jẹ́ “ajá,” ó lè jẹ́ “ti ajá,” ó sì lè jẹ́ “ìwọ ń kọrin.” Kì í yan ọ̀kan fún wa. Bí “igba” tí a kò fi àmì sí ni ọ̀ràn náà rí: ó lè jẹ́ igba ènìyàn, igbá omi, tàbí ìgbà òjò. A lè gbé Words sínú kọ̀ǹpútà, kí a sì lò ó láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní Yunifásítì Tufts ní Amẹ́ríkà, àkójọ ìwé Perseus tún wà, níbi tí a ti lè tẹ ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé àtijọ́, kí ìtumọ̀ rẹ̀ sì yọ láti inú ìwé atúmọ̀-èdè Lewis àti Short ti 1879.

Irú kejì ni èyí tí ń túmọ̀ odidi gbólóhùn, bí irú ti Google, tí ó gba Látìnì wọlé ní 2010, tí ó sì gba Yorùbá ní 2013. Láti inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé ni ó ti kọ́ bí a ti ń túmọ̀. Ó yá kánkán, ṣùgbọ́n kì í fi ọ̀nà tí ó gbà dé ibi ìtumọ̀ rẹ̀ hàn wá, nítorí náà àṣìṣe rẹ̀ ṣòro láti mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ àkọmọ̀nà Yunifásítì Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní 1948, ṣe àpẹẹrẹ: “Recte Sapere Fons.” Ẹ̀rọ tí ń tú ọ̀rọ̀ yóò sọ pé “recte” ni “ní títọ́”, “sapere” ni “láti mọ adùn nǹkan lẹ́nu” tàbí “láti gbọ́n”, “fons” ni “orísun omi.” Ìtumọ̀ tí a mọ̀ sí i ni pé ríronú ní títọ́ ni orísun ìmọ̀. Ṣùgbọ́n níbo ni “ìmọ̀” wà nínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí? Kò sí níbẹ̀ rárá. Òye òǹkàwé ni ó fi kún un.

Ìmọ̀ràn wa nìyí: kí a kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan palẹ̀, kí a fúnra wa so wọ́n pọ̀, lẹ́yìn náà kí a wá wo ohun tí ẹ̀rọ atúmọ̀ wí. Bí àwọn méjèèjì kò bá bára mu, kí a tọ olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n lọ. Àṣìṣe tí olùkọ́ kan bá kọ sí ara pátákó, gbogbo ọmọ inú kíláàsì ni yóò dà á kọ.