Ìmọ́lẹ̀ Lésà: Ṣé Lóòótọ́ Ni Ó Ń Mú Ìrora Lọ?

Ìrora kò ṣàjèjì ní agbègbè wa yìí. Alábàárù tó ń ru ẹrù ní ọjà Alábà, ìyá tó ń jókòó ti ọjà rẹ̀ ní Ìyànà-Ìbà láti òwúrọ̀ di alẹ́, awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà Òkòkòmáìkò sí Ọ̀tọ̀: ẹ̀yìn ń dùn wọ́n, ọrùn ń gan, orúnkún ń ro wọ́n. Bí wọ́n bá sọ fún irú wọn pé iná kan wà tí ń mú ìrora lọ, owó kì í pẹ́ jáde lápò.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ jẹ́ kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Lésà kì í ṣe idán, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹ̀tàn. Ó wúlò fún àwọn ìrora kan, kò wúlò fún gbogbo rẹ̀.

KÍ NI LÉSÀ?
Ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ kan ṣoṣo tí a kó jọ sójú kan ni. Theodore Maiman ló kọ́kọ́ ṣe é ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1960. Èyí tó lágbára ni àwọn oníṣẹ́ abẹ fi ń gé ẹran ara. Èyí tí a ń sọ yìí kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, kì í gé nǹkan.

Ní 1967, ní ìlú Budapest, Dókítà Endre Mester fá irun ẹ̀yìn àwọn eku, ó tan lésà sí wọn láti mọ̀ bóyá yóò fa jẹjẹrẹ. Jẹjẹrẹ kò sí, ṣùgbọ́n irun àwọn tí ó tan iná sí tètè hù ju ti àwọn yòókù lọ. Láti ibẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún egbò tó kọ̀ tí kò jiná.

KÍ NI ÌWÁDÌÍ SỌ?
Ní 2009, ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé àkójọ ìwádìí 16 jáde, lórí èèyàn 820 tí ọrùn ń dùn. Ìrora wọn dín kù, ó sì tó ọ̀sẹ̀ 22 fún àwọn mìíràn. A tún ń lò ó láti dènà egbò ẹnu tí ìtọ́jú jẹjẹrẹ máa ń fà. Ṣùgbọ́n ní 2022, àjọ NICE ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí àwọn dókítà má ṣe fi lésà tọ́jú oríkèé tó ti jẹ, nítorí ẹ̀rí kò tó.

EGBÒ ẸSẸ̀ ŃKỌ́?
Ẹ fetí sí èyí dáadáa. Bí alárùn ìtọ̀ ṣúgà bá ní egbò lẹ́sẹ̀ tí kò jiná, kí ó má ṣe jókòó ti iná lésà nìkan. Kí wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí wọ́n wẹ egbò náà kí wọ́n sì dì í, kí ó má tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀, kí dókítà sì wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ ń dé ibẹ̀. Ẹni tó bá fi èyí falẹ̀ lè pàdánù ẹsẹ̀ rẹ̀. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá.

OHUN TÍ Ẹ Ó BÉÈRÈ
Ẹ kọ́kọ́ béèrè pé: Kí ni ó ń ṣe mí gan-an? Èkejì: Ta ni yóò lo ẹ̀rọ náà? Láti 1988 ni òfin ti dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ tí ń forúkọ àwọn fisiotẹ́rápísìtì sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Bí ẹnì kan kò bá lè fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ hàn yín, ẹ dìde. Ẹ̀kẹta: Ẹ̀ẹ̀melòó ni n ó wá, èló sì ni gbogbo rẹ̀?

Wọ́n gbọ́dọ̀ fún yín ní awò tí ń dáàbò bo ojú. Kí wọ́n má tàn án sí ibi tí jẹjẹrẹ wà tàbí sí ikùn aboyún. Ẹni tó mọṣẹ́ yóò tún kọ́ yín ní eré ìdárayá tí ẹ ó máa ṣe nílé, nítorí iná nìkan kò lè tún ẹ̀yìn tó ti rọ ṣe.

Ẹ má ṣe torí lésà pa oògùn tí dókítà kọ fún yín tì. Owó tí ẹ kò ì tíì san ṣì wà lọ́wọ́ yín. Ẹsẹ̀ tí wọ́n bá ti gé kò ní padà.