Ọ̀dà kì í gba èèyàn lójú omi: Ẹ ṣọ́ra kẹ́ ẹ tó ra ẹ̀rọ tẹ́ ẹ fẹ́ẹ́ fi tún ọkọ̀ onígi ṣe

Tèèyàn bá sọ̀ kalẹ̀ nínú rélùwéè Blue Line ní Orílé-Ìgànmú, ìyẹn rélùwéè tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò lọ́jọ́ 4, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2023, ariwo ọjà àti ti iṣẹ́ ọwọ́ ló máa pàdé rẹ̀. Lápá kan ni gbọ̀ngàn National Theatre wà, ilé ràbàtà tó rí bíi fìlà sójà, tí wọ́n kọ́ parí lọ́dún 1976, tí wọ́n sì ti wá fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè báyìí. Lápá kejì ni ọjà Ọdúnadé, níbi tí wọ́n ti ń ta ilẹ̀kùn, páìpù àti oríṣiríṣi ohun èlò ilé. Omi náà ò sì jìnnà, nítorí Ìjọ́rà wà nítòsí, Mákòko tí àwọn Ègùn ti ń kan ọkọ̀ onígi sì wà lápá Yábàá níbẹ̀ yẹn.

Ìdí nìyí tí ẹni tó bá ra ọkọ̀ ojú omi àlòkù, tó fẹ́ẹ́ ha ọ̀dà àtijọ́ ara rẹ̀ kúrò kó tó kùn ún lọ́tun, kò fi ní í rin ìrìn kan tó jìnnà kó tó rí ẹ̀rọ rà. Èyí tó le níbẹ̀ ni pé ẹ̀rọ tó ń ha igi, èyí táwọn káfíńtà ń pè ní sáńdà, kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹni tó bá ṣi èyí tó yẹ kó rà mú, owó rẹ̀ á wọgbó, pákó ọkọ̀ á bàjẹ́, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹ̀mí èèyàn á wọ ọ̀rọ̀ náà.

Láyé àtijọ́, wàhálà yìí ò sí. Ewé eépín, ewé tí ara rẹ̀ rí ṣákáṣàka bí ahọ́n ológbò, làwọn agbẹ́gilére fi ń gbo igi títí tó fi máa dán. Lẹ́yìn náà ni sáńpépà dé. Lọ́dún 1926 ni ilé iṣẹ́ Porter-Cable ní ìlú Syracuse, l'Ámẹ́ríkà, gbé sáńdà àfọwọ́gbé tó ń lo bẹ́líìtì jáde, àtìgbà náà ni oríṣi tuntun sì ti ń jáde lẹ́yìn ara wọn.

Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí ni ẹ̀rọ fílíìnì, èyí táwọn wẹ́dà fi ń ha irin. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ó wà káàkiri, wọ́n sì lè fi sáńpépà rìbìtì sí i lórí. Ṣùgbọ́n irin ni wọ́n ṣe é fún. Téèyàn bá gbé e lé pákó, tí ọwọ́ sì yẹ̀ díẹ̀ báyìí, ó ti gbẹ́ kòtò síbẹ̀ nìyẹn. Lára pákó tí kò nípọn ju ínṣì kan lọ, tó sì jẹ́ pé òun ló dá èèyàn àti omi dúró sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kòtò kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ọ̀dà bò.

Ìkejì ni sáńdà oníbẹ́líìtì. Agbára wà lára rẹ̀, ó sì dáa fún ibi tó tẹ́jú bíi pákó ìjókòó àti ilẹ̀ ọkọ̀, bí ẹni tó mú un bá ti ń tẹ̀ lé bí ojú igi ṣe lọ. Ṣùgbọ́n ikùn ọkọ̀ kò tẹ́jú, ńṣe ló tẹ̀ kọrọdọ. Ibi tó bá yọ síta ni bẹ́líìtì máa jẹ, táá sì fi ibi tó wọnú sílẹ̀.

Ìkẹta ni èyí tó ń yí, tó tún ń gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà, tí ojú rẹ̀ rí rìbìtì, tó fẹ̀ tó ínṣì márùn-ún. Nítorí pé kì í gba ojú kan náà kọjá lẹ́ẹ̀mejì, àpá rẹ̀ kì í hàn lára igi. Kì í tètè gbẹ́ kòtò, ihò ojú rẹ̀ sì máa ń fa ẹ̀kúrú lọ sínú àpò ẹ̀yìn rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ara ọkọ̀, èyí ló dáa jù. Àléébù rẹ̀ ni pé sáńpépà tiẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa rà fún un. Kẹ́ni tó fẹ́ẹ́ rà á kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹni tó ń ta ẹ̀rọ náà ń ta sáńpépà rẹ̀, kó má lọ di ẹrù inú ilé.

Ìkẹrin ni èyí tó rí pẹrẹsẹ, tó kàn ń gbọ̀n. Ó kéré lówó, sáńpépà lásán téèyàn gé ní ṣọ́ọ̀bù ló ń lò, ó sì ń wọ kọ̀rọ̀. Ó kàn nílò sùúrù ni. Ibi tó bá sì tẹ̀ jù, ọwọ́ èèyàn náà ló máa parí ẹ̀: wọ́n á wé sáńpépà mọ́ pákó pẹlẹbẹ, wọ́n á sì máa gbo ó lọ.

Téèyàn bá wá mọ èyí tó fẹ́, ọ̀rọ̀ iná ló kù. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó ń wọlé láti Amẹ́ríkà jẹ́ ti fóòtì 110 sí 120, bẹ́ẹ̀ fóòtì 220 sí 240 la ń lò ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá kì í bọ iná lásán, èéfín ló máa rí. Ara ẹ̀rọ ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí, kéèyàn kà á kó tó sanwó. Bákan náà ni ti jẹnẹrétọ̀. Kékeré táwọn èèyàn ń pè ní "I better pass my neighbour" kò fi bẹ́ẹ̀ ju wọ́ọ̀tì 650 lọ. Sáńdà rìbìtì tó ń jẹ bíi 300 lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, àmọ́ oníbẹ́líìtì tó ń jẹ ẹgbẹ̀rún wọ́ọ̀tì máa pa á kú fin-ín-fin-ín. Wọn kì í sì í dúró sínú omi di ẹ̀rọ oníná mú o. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ gòkè, kí wọ́n dojú rẹ̀ dé, kó sì gbẹ lábẹ́ ibòji. Igi tútù máa ń dí ojú sáńpépà, oòrùn gangan sì máa ń la pákó.

Ní ti sáńpépà fúnra rẹ̀, bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i ló ṣe ń kúnná. Wọ́n lè fi 60 bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n bọ́ sí 80, kí wọ́n sì fi 120 parí ẹ̀. Ẹni tó bá ní kó máa dán bíi dígí, ọ̀dà ò ní rí ibi dì mú.

Ewu tí ojú kì í tètè rí ni ẹ̀kúrú. Àjọ IARC tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lágbàáyé ti ka ẹ̀kúrú igi mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ imú, láti ọdún 1995. Ìrókò nìkan lè mú kí ara máa yún èèyàn, kó sì máa wúkọ́. Èyí tó tún burú jùyẹn lọ ni ọ̀dà àtijọ́, nítorí òjé wà nínú púpọ̀ lára wọn, pàápàá ọ̀dà pupa tí wọ́n fi ń kun ọkọ̀ látilẹ̀. Ohun tí ẹ̀kúrú òjé lè ṣe, Nàìjíríà ti rí i ní Zamfara lọ́dún 2010, nígbà tí iṣẹ́ ìwakùsà wúrà tú u síta láwọn abúlé, tó sì pa ọmọdé tó lé ní 400. Òjé ọ̀dà ò yàtọ̀ sí òjé ilẹ̀. Bàbá tó bá ha ọkọ̀ tán, tó wá fi aṣọ iṣẹ́ gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó ti gbé e wọlé nìyẹn. Áńkáṣíìfù téèyàn so mọ́ imú ò lè dá a dúró. Ìbòmú gidi ni kí wọ́n rà, kí wọ́n rin ọ̀dà àtijọ́ lómi, kí wọ́n sì fọwọ́ ha á, kí wọ́n bọ́ aṣọ iṣẹ́ kí wọ́n tó wọlé. Kò gbọdọ̀ sí ọmọdé nítòsí.

Gbogbo eléyìí sì tún lẹ́yìn. Kẹ́nikẹ́ni tó ná kọ́bọ̀ kan lórí sáńdà, ọ̀bẹ ni kó kọ́kọ́ mú. Kó fi gún ìdí ọkọ̀, kó gún ibi tí pákó méjì ti pàdé, kó gún ìdí ìṣó. Ibi tí ọ̀bẹ bá ti ń wọlé bí ìgbà tó wọ àkàrà, igi ibẹ̀ ti jẹrà, tàbí kòkòrò inú omi ti jẹ ẹ́ tán. Kò sí ẹ̀rọ tó lè ṣe ìyẹn, pákó tuntun ni wọ́n máa fi pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ha ojú rẹ̀ títí tó fi dán, tó kun ọ̀dà aláwọ̀ búlúù lé e, ọkọ̀ rẹ̀ á rẹwà lébùúté, èrò á sì wọ̀ ọ́. Àwọn yẹn ò mọ ohun tó wà lábẹ́ ọ̀dà. Omi nìkan ló mọ̀ ọ́n.