Kí Nìdí Tí Dókítà Fi Ń Gba Omi Ẹ̀yìn Ọmọ?

Ọ̀pọ̀ òbí ló ń kọ̀ bí dókítà bá fẹ́ gba omi lẹ́yìn ọmọ wọn. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ọmọ á rọ. Ẹ jẹ́ ká là á yé ara wa.

Rùbẹ́là kì í sábà le lára ọmọdé: ibà díẹ̀ àti ara sísú ni. Aboyún ló léwu fún jù, torí ó lè ba ojú, etí àti ọkàn ọmọ inú jẹ́. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń wọ ọpọlọ, gìrì a sì mú ọmọ. Nígbà náà ni wọ́n ń fa omi yìí nísàlẹ̀ ẹ̀yìn, níbi tí okùn iṣan ti parí, kí abẹ́rẹ́ má bàa kàn án. Wọ́n á wá kòkòrò rùbẹ́là nínú rẹ̀, wọ́n á sì fi wé ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà. Omi yìí kan náà ló ń fi àrùn lọ́rùnlọ́rùn hàn.

Ẹ̀yin ará wa ní Ayétòrò àti etí òkun Ìlàjẹ, bí gìrì bá mú ọmọ, ẹ tètè wọkọ̀ ojú omi lọ sí Igbókòdá. Láti oṣù October 2025 ni Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ àjẹsára èéyi àti rùbẹ́là fún ọmọ oṣù 9 sí ọdún 14. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbà á. Ọlọ́hun á dáàbò bo àwọn ọmọ wa.