Ìmúrasílẹ̀ Olùkọ́ fún Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Alájùmọ̀ṣe Lórí Ayélujára

Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà tí òfin kónílé-ó-gbélé há gbogbo wa mọ́lé, mo kọ́ àwọn pásítọ̀ bí ogún lórí Zoom nípa bí a ṣe ń tu ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ nínú. Mo sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan àti ààbọ̀. Mo kìlọ̀ gidigidi pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún òbí tí ọmọ rẹ̀ kú pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni kò tó. Nígbà tí mo ní kí wọ́n béèrè ìbéèrè, kò sí ẹni tó fọhùn. Ẹnì kan kọ “Àmín” ránṣẹ́. Inú mi dùn. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí ọ̀kan nínú wọn lọ sọ ọ̀rọ̀ yẹn gan-an fún ìyá kan nínú ìjọ rẹ̀. Ìyá náà kò wá sí ìsìn mọ́. Pásítọ̀ yìí kì í ṣe alágídí. Orúkọ rẹ̀ wà lójú ẹ̀rọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òun fúnra rẹ̀ ló jẹ́wọ́ fún mi pé òun gbé fóònù kalẹ̀, òun sì ń gbọ́ mi bí ẹni ń gbọ́ rédíò.

N kò lè di gbogbo ẹ̀bi rù ú. Mo sọ ohun tó yẹ, ṣùgbọ́n n kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ wò. Iṣẹ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ alájùmọ̀ṣe nìyẹn: kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe é lójú olùkọ́, kí a tọ́ ọ sọ́nà, kó tó lọ ṣe é lójú ìjọ.

Bí a bá ń wá ẹni tí yóò kọ́ irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ lórí ayélujára, oníwàásù tó mọ ọ̀rọ̀ sọ jù lọ la sábà ń yàn, a ó sì fi ọjọ́ kan kọ́ ọ ní ibi tí yóò máa tẹ̀. Ibi tí a ń tẹ̀ kọ́ ni ìṣòro. Ọmọ ọdún méjìlá lè fi ìyẹn hàn wá. Ohun tó le ni kí oníwàásù kọ́ bí a ti ń dákẹ́.

A máa ń fi ìtàn Yútíkù nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 20 pa àwọn tó ń sùn nínú ìsìn lẹ́rìn-ín. Ẹ wo ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó wà níbẹ̀. Ní ẹsẹ 7 àti 9, Lúùkù lo dialegomai, èyí tó lè jẹ́ àsọyé, tó sì lè jẹ́ fífi ọ̀rọ̀ wérọ̀. Òun náà ló lò fún iṣẹ́ tí Pọ́ọ̀lù ṣe fún ọdún méjì ní ilé-ẹ̀kọ́ Tíránù. Ní ẹsẹ 11, lẹ́yìn tí ọmọkùnrin náà ti sọjí, ó lo homileo, ìtàkúrọ̀sọ, ọ̀rọ̀ tó lò fún àwọn méjì tó ń lọ sí Émáúsì. Láti ibẹ̀ ni homiletics, orúkọ ẹ̀kọ́ ìwàásù tí à ń kọ́ yín, ti ṣẹ̀ wá. N kò sọ pé Zoom ló wà lọ́kàn Lúùkù o! Ṣùgbọ́n ìjíròrò kì í ṣe àlejò nínú iṣẹ́ wa.

Àwọn kan ti gba ọ̀nà yìí ṣáájú íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ọdún 1963, ilé-ẹ̀kọ́ Presbyterian kan ní Guatemala rí i pé àwọn aṣáájú ìjọ ìgbèríko kò lè fi oko àti ìdílé sílẹ̀ wá gbé ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Ralph Winter, James Emery àti Ross Kinsler wà lára àwọn tó ṣe ètò tuntun: akẹ́kọ̀ọ́ á ka ẹ̀kọ́ nílé, olùkọ́ á sì wá pàdé wọn ní àdúgbò wọn. Ìpàdé náà kì í ṣe fún títún ẹ̀kọ́ kà. Wọ́n á jọ fi ohun tí wọ́n kà wé iṣẹ́ ìjọ tó wà lọ́wọ́ wọn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kí àwa ṣe. Kí àsọyé lọ ṣáájú lórí WhatsApp, ohùn tí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ àti ojú ìwé kan tàbí méjì, nítorí owó dátà. Kí ìpàdé jẹ́ ti iṣẹ́. Lórí ọ̀rọ̀ ọ̀fọ̀, ẹ pín wọn ní mẹ́ta-mẹ́ta sí àwọn yàrá kéékèèké tí Zoom ní: ọ̀kan á ṣe pásítọ̀, ọ̀kan á ṣe ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ẹnì kẹta á máa wò. Ẹ kọ ohun tí wọn yóò ṣe ránṣẹ́ kí wọ́n tó wọlé, torí bí wọ́n bá ti wọ yàrá tán, wọn kò ní gbọ́ ìjíròrò yàrá ńlá mọ́.

“Ṣé ó yé yín?” kì í ṣe ìbéèrè. “Ó yé wa, sà” ni ìdáhùn wa láti kékeré. Ẹ béèrè ohun tí ìdáhùn rẹ̀ yóò fi òye hàn: “Kí ni ẹ máa kọ́kọ́ sọ bí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà wọn?” Lẹ́yìn náà, ẹ ka oókan dé ẹẹ́wàá nínú yín kí ẹ tó tún sọ̀rọ̀. Tí bàbá kan tó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ bá kọ́kọ́ dáhùn, kíláàsì ti parí nìyẹn. Ọmọdé wo ló fẹ́ já bàbá nírọ́? Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn kọ ìdáhùn sílẹ̀, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí ẹ bá ní ó yá. Ẹ má fi dandan mú wọn tan kámẹ́rà. Yàrá kan ṣoṣo ni ẹlòmíràn ń gbé pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ mẹ́rin.

Kí olùkọ́ tó kọ́ni, kó ti ṣe akẹ́kọ̀ọ́ rí lórí fóònù, kó lo dátà tó fi owó ara rẹ̀ rà, nínú ilé tí ariwo wà. Lẹ́yìn èyí, kó kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹnì kan sì máa ka ìṣẹ́jú tí òun nìkan fi sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n ka tèmi, mẹ́tàlá ni. Ojú tì mí.

Àwọn kan ní èyí yóò sọ ìkéde Ọ̀rọ̀ di eré. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè bóyá ohun tó ń kà yé e ni Fílípì fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwẹ̀fà ará Etiópíà. Ìkéde Jésù tẹ̀ lé e.

Ẹ má ṣe dá kíláàsì náà ṣe. Olùrànlọ́wọ́ ni yóò máa gba àwọn tó pẹ́ wọlé, tí yóò ka ohun tí wọ́n bá kọ, tí yóò sì máa bá ẹ̀kọ́ lọ bí iná bá lọ lọ́dọ̀ yín. Ó tún ní iṣẹ́ kan tó ju wọ̀nyí lọ. Nígbà tí mo tún kọ́ ẹ̀kọ́ ọ̀fọ̀ yìí, pásítọ̀ kan tó ń ṣe bàbá tó pàdánù ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ẹkún gidi. Kò sí ẹni tó mọ̀ nínú wa pé òun náà ti sin ọmọ rí. Olùrànlọ́wọ́ mi wọ yàrá náà, ó dá eré náà dúró, ó sì jókòó tì wọ́n láìsọ nǹkan púpọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, kí n tó jẹun, mo pè é lórí fóònù.