Idà ọlọ́wọ́ méjì: ìdí tí mo fi ń kọ́ ẹsẹ̀ ṣáájú ọwọ́

Wọ́n ní kí n ṣàlàyé igi tí mo máa ń jù láàárọ̀ lẹ́yìn ilé, torí àwọn kan ti ń bèèrè bóyá mo ti gba iṣẹ́ mẹ́gáàdì.

Rárá o. Idà ni mo ń kọ́, idà gígùn tí àwọn ará Jámánì àti Ítálì ń fi ọwọ́ méjèèjì dì mú láyé àtijọ́. Kò sí olùkọ́ rẹ̀ nítòsí mi. Ìwé àwọn àgbà wọn tí wọ́n ti gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo fi ń kọ́ ara mi. Johannes Liechtenauer ni wọ́n kà sí baba ìmọ̀ náà ní Jámánì, láàárín 1300 sí 1400. Fiore dei Liberi kọ tiẹ̀ ní Ítálì ní nǹkan bí 1410. Joachim Meyer tẹ tiẹ̀ jáde ní 1570, èyí ni mo sì fẹ́ràn jù, torí àwòrán inú rẹ̀ ní ilẹ̀ tó dà bíi táìsì, ẹ lè fi mọ ibi tí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà.

Kí ẹnì kan má sọ pé kí ló kan oníṣòwò nínú idà òyìnbó. Heinrich Barth, ọmọ Jámánì tó dé Kánò ní 1851, kọ ọ́ sílẹ̀ pé irin idà láti Solingen ní Jámánì wà lára ọjà tó ń gba aṣálẹ̀ wọ ọjà Kánò, àwọn alágbẹ̀dẹ ibẹ̀ á wá fi èèkù sí i. Takobi tí ẹ ń rí nígbà Hawan Sallah, ọwọ́ kan ni wọ́n fi ń dì í ní tiẹ̀, kì í ṣe ohun tí mò ń kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé ọjà ti dé ibẹ̀ ṣáájú wa.

Ó dáa. Gbogbo èèyàn ló ń rò pé agbára apá ló wà nídìí ẹ̀. Irọ́ ni. Láàárín kílò 1 sí 2 ni idà yìí, bíi mudu ìrẹsì kan báyìí. Ẹni tó ń gbé béèlì aṣọ kò ní sọ pé ìyẹn wúwo. Ẹsẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ dìde ná, tí àyè bá wà. Ẹ fi ẹsẹ̀ òsì síwájú, ọ̀tún sẹ́yìn, kí ọwọ́ méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká ọ̀tún bí ẹni fẹ́ fi àáké la igi. Vom Tag ni wọ́n ń pe ìdúró yẹn. Ẹ wá gé wálẹ̀ láti ọ̀tún láì gbé ẹsẹ̀. Ẹ rí i pé ìbàdí dí yín lọ́wọ́, àbí? Apá ọ̀tún ara ṣì wà lẹ́yìn, idà ò lè dé ibi tó yẹ kó dé. Ẹ tún un ṣe: bí ọwọ́ ti ń lọ, kí ẹsẹ̀ ọ̀tún kọjá òsì bọ́ síwájú. Gbogbo ara ló bá idà lọ yẹn. Tó bá jẹ́ láti òsì lẹ ti fẹ́ gé, ẹsẹ̀ òsì ni kó kọjá.

Èwo ló wá ń ṣáájú, ọwọ́ àbí ẹsẹ̀? Èyí ló ń pani. Tí ẹsẹ̀ bá kọ́kọ́ wọlé nígbà tí idà ṣì wà léjìká, ẹ ti gbé orí yín lọ bá ẹnìkejì, kò sì sí nǹkan kan láàárín yín. Ó dà bí kéèyàn sanwó tán kó tó tú béèlì wò. Ọwọ́ ni kó kọ́kọ́ nà, kí irin ti wà níwájú kí ẹsẹ̀ tó balẹ̀.

Ẹsẹ̀ méjèèjì kò sì gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà kan. Ẹ rò ó bí ojú irin rélùwéè, ẹsẹ̀ kan lórí irin kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá dúró bí ẹni ń rìn lórí okùn, ìtì díẹ̀ báyìí, ẹ ti ṣubú. Tí ẹsẹ̀ bá sì ń yí, iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ ni kó fi yí, kó má lẹ̀ mọ́ sìmẹ́ǹtì kí orúnkún wá máa lọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń lo ilẹ̀ iyanrìn àti bàtà pẹlẹbẹ. Àwa tí à ń dúró ní ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀ dalẹ́, orúnkún la fi ń jẹun.

Mo fa ìlà méjì sórí iyanrìn, mo ń rìn lọ rìn bọ̀ lórí wọn lọ́wọ́ òfo. Oṣù méjì gbáko kí n tó mú igi. Iyanrìn kì í purọ́, ojú ẹsẹ̀ á hàn. Mo tún ń gbé fóònù ti bíríkì kó ká mi láti ẹ̀gbẹ́, kí n lè wò ó bóyá ọwọ́ ló ṣáájú lóòótọ́. Mo so bọ́ọ̀lù kékeré mọ́ okùn kí n fi mọ̀ bóyá orí igi ń dé ibi tí mo rò. Ogún ìṣẹ́jú tó.

Ibi tí kíkọ́ ara ẹni ò lè dé ni àlàfo àti àsìkò. Bọ́ọ̀lù kì í sá, kì í gbẹ̀san. Àwọn ará Jámánì ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta: Vor, kí ẹ ṣáájú, Nach, kí ẹ máa tẹ̀ lé e, Indes, àsìkò yẹn gan-an tí irin kan irin, tí ọwọ́ yín ti mọ̀ bóyá ẹnìkejì le tàbí ó dẹ̀. Igi nìkan kò lè kọ́ èèyàn ní ìyẹn. Ẹni tó bá sọ pé fídíò ti sọ òun di ajagun, ẹ bá a rẹ́rìn-ín. Bí a ṣe ń rìn pẹ̀lú idà ni mo mọ̀, mi ò tíì mọ̀ ọ́n jà.

Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀ nígbà tí àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ní ká máa fi igi bára wa jà, mo ṣì kọ̀. Igi kì í gé, ṣùgbọ́n ó ń fọ́ ojú. Àwọn tó ń ṣe é ní Yúróòpù ń wọ ìbòjú onírin àti ìbọ̀wọ́ tó nípọn. Àwa tí a ò ní i, ká ṣe é díẹ̀díẹ̀: ẹnì kan á gé, èkejì á dá a dúró, igi ò ní dé ara.

Ẹ jọ̀ọ́, ìlú onílùú la wà. Igi mi kì í jáde kúrò nínú ọgbà. Mo ti ṣàlàyé fún onílé àti mai unguwa kí n tó bẹ̀rẹ̀. Tí ìgboro bá gbóná, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí, mo ń tì í mọ́lé. Kò sẹ́ni tó máa dúró bi yín bóyá eré ni lọ́jọ́ yẹn.

Alhaja tó bèèrè iye tí idà gidi ń jẹ́, mi ò ní, mi ò sì fẹ́ rà. Káfíńtà ló fá igi yìí fún mi, nǹkan bíi mítà 1.2. Mo ní kó ṣe èèkù rẹ̀ pẹlẹbẹ díẹ̀, kó má rí róbótó, kí ọwọ́ lè mọ ibi tí ojú idà kọjú sí láì wò ó.