Ìdí tí Àwọn Kókó Átọ́ọ̀mù Kan Fi Ń Túká: Àpẹẹrẹ láti Ihò Eléérú

1.0 Ìfáárà

Bí ènìyàn bá wo àwọn òkúta giránáìtì tí ó wà káàkiri agbègbè Odò-Ọwá, Ìlọfà àti Òsì ní Ìpínlẹ̀ Kwara, yóò rò pé kò sí ohunkóhun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú wọn. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Giránáìtì a máa ní yùréníọ́ọ̀mù àti tóríọ́ọ̀mù díẹ̀ nínú, kókó àwọn átọ́ọ̀mù wọ̀nyí sì ń túká láìdúró. Henri Becquerel, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ìtànṣán tí ó ń ti ara yùréníọ́ọ̀mù jáde ní ọdún 1896. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín ni ìdí tí kókó kan fi ń túká tí òmíràn kì í túká, àti ohun tí ìtúká yìí sọ nípa àwọn tí ó gbé ilẹ̀ wa ní àtijọ́.

2.0 Agbára Méjì

Oríṣi hóró méjì ni ó wà nínú kókó átọ́ọ̀mù: pùrótọ́ọ̀nù àti niútírọ́ọ̀nù. Pùrótọ́ọ̀nù ní iná mànàmáná nínú. Niútírọ́ọ̀nù kò ní. Nítorí pé irú iná kan náà ni gbogbo pùrótọ́ọ̀nù ní, ńṣe ni wọ́n ń ti ara wọn dànù. Agbára kejì, tí a ó pè ní agbára ìsopọ̀, ni kò jẹ́ kí wọ́n fọ́nká. Agbára yìí le ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n àwọn hóró tí ó fara kanra nìkan ni ó lè so pọ̀. Ilé tí kò kan ilé kì í jó àjóràn. Agbára ìtìdànù ní tirẹ̀ a máa dé gbogbo inú kókó.

3.0 Ọ̀nà Méjì tí Kókó Fi Ń Pàdánù Ìdúróṣinṣin

(a) Títóbi jù: Bí pùrótọ́ọ̀nù bá ti ń pọ̀ sí i ni ìtìdànù ń le sí i. Òjé, tí ó ní pùrótọ́ọ̀nù 82, ni ó kẹ́yìn nínú àwọn tí ó ní kókó tí kì í túká. Yùréníọ́ọ̀mù ní 92. Nítorí náà, ó ń ju pùrótọ́ọ̀nù méjì àti niútírọ́ọ̀nù méjì síta lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń di nǹkan mìíràn, títí tí yóò fi di òjé.

(b) Àìdọ́gba: Orí àtẹ̀gùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni pùrótọ́ọ̀nù àti niútírọ́ọ̀nù ń jókòó sí. Kábọ́ọ̀nù-12 ní mẹ́fà mẹ́fà. Ó dúró ṣinṣin. Kábọ́ọ̀nù-14 ní pùrótọ́ọ̀nù mẹ́fà àti niútírọ́ọ̀nù mẹ́jọ. Àwọn niútírọ́ọ̀nù tí ó lé wà lókè nígbà tí àyè ṣì wà nísàlẹ̀ ní ọ̀dọ̀ pùrótọ́ọ̀nù. Nítorí náà, niútírọ́ọ̀nù kan yóò di pùrótọ́ọ̀nù, yóò tú ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan síta, kábọ́ọ̀nù yóò sì di náítírójìn.

4.0 Ẹ̀rí láti Ihò Eléérú

Kò sí ẹni tí ó lè sọ ìgbà tí kókó kan ṣoṣo yóò túká. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pọ̀, a mọ iye ọdún tí ìdajì wọn yóò fi túká: nǹkan bí 5,730 ọdún fún kábọ́ọ̀nù-14, nǹkan bí 4,500,000,000 ọdún fún yùréníọ́ọ̀mù-238. Ooru tàbí òtútù kò lè sún un síwájú tàbí sẹ́yìn.

Ìmọ̀ yìí wúlò ní Ihò Eléérú, nítòsí Ìsàrun ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, èyí tí àwọn ìwé kan ń pè ní Iwo Eleru. Ní ọdún 1965, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw ti Yunifásítì Ìbàdàn wa ilẹ̀ níbẹ̀, ó sì rí egungun ènìyàn. Igi tí ó wà láàyè a máa gba kábọ́ọ̀nù-14 láti inú afẹ́fẹ́; bí ó bá ti kú, kò gba tuntun mọ́. Èédú tí wọ́n rí nítòsí egungun náà fi nǹkan bí 11,200 ọdún hàn. Èyí ni pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin kábọ́ọ̀nù-14 rẹ̀ ni ó kù.

Ní ọdún 2011, Katerina Harvati àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lo yùréníọ́ọ̀mù fún egungun náà fúnra rẹ̀. Omi inú ilẹ̀ a máa gbé yùréníọ́ọ̀mù wọ inú egungun, ṣùgbọ́n kì í sábà gbé tóríọ́ọ̀mù. Tóríọ́ọ̀mù tí a bá bá níbẹ̀, ìtúká ni ó bí i. Wọ́n fi ọjọ́ orí egungun náà sí àárín 11,700 sí 16,300 ọdún.

5.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé kókó tí ó tóbi jù àti kókó tí kò dọ́gba ni ó ń túká, kì í ṣe pé ohun kan láti ìta ni ó ń bà wọ́n jẹ́. Ẹ̀rí Ihò Eléérú kò sọ èdè tí òkú náà ń sọ, kò sì sọ pé Yorùbá ni. Ohun tí ó fi hàn ni pé ènìyàn ti ń gbé ilẹ̀ yìí tipẹ́tipẹ́ kí ìtàn àtẹnudẹ́nu wa tó bẹ̀rẹ̀. Níbi tí ìtàn ẹnu dákẹ́ sí, kókó átọ́ọ̀mù ṣì ń ka ọdún.